Ọjọ́ iṣẹ́ ni kí ẹ kà, ẹ yé ka orúkọ

Bí ìjọba bá ti kéde pé àwọn fẹ́ ná bílíọ̀nù kan láti fi pèsè iṣẹ́, ìlú á pín sí méjì. Ní Tákíè àti Sábó nílùú Ògbómọ̀ṣọ́, nínú mọ́tò tó ń lọ sí Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Àwọn kan á ní ìjọba gbìyànjú, ọmọ ìlú á ríṣẹ́ ṣe. Àwọn kan á ní owó ti wọ àpò olóṣèlú nìyẹn. Ìṣirò owó iṣẹ́ ni iṣẹ́ mi: gọ́tà, afárá kékeré, kíláàsì ilé ẹ̀kọ́, ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti àwọn abúlé tó yí i ká. Ohun tí iṣẹ́ yìí ti kọ́ mi ni pé ìhà méjèèjì ń jà láì tíì ṣí ìwé iṣẹ́ náà wò. Inú ìwé yẹn ni ìdáhùn wà: ọjọ́ iṣẹ́ mélòó ló wà níbẹ̀, ta ni owó rẹ̀ máa tẹ̀ lọ́wọ́, oṣù wo ni wọ́n sì máa san án.

Ọjọ́ iṣẹ́ kan ni ohun tí ẹnì kan ṣe láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Èèyàn 10 tó ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ 20, ọjọ́ iṣẹ́ 200 nìyẹn. Èèyàn 200 tí kálukú wọn ṣiṣẹ́ ọjọ́ kan péré, ọjọ́ iṣẹ́ 200 náà ni. Ṣùgbọ́n èyí kejì ni wọ́n máa gbé sórí rédíò pé èèyàn 200 ti ríṣẹ́. Ìdí nìyí tí n kì í fi í ka orúkọ.

Ẹ jẹ́ ká mú gọ́tà kan wò dáadáa. Ó gùn ní 500 mítà, irú èyí tó yẹ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà àdúgbò. Inú rẹ̀ fẹ̀ ní 60 sẹ̀ǹtímítà, ó jìn ní 60 sẹ̀ǹtímítà, ìdí rẹ̀ àti ògiri rẹ̀ méjèèjì nípọn ní 15 sẹ̀ǹtímítà. Tí ẹ bá ṣírò rẹ̀, mítà kan gba kankéré 0.315 kúbíìkì mítà, gbogbo rẹ̀ á wá lé díẹ̀ ní 157. Bí a bá po kankéré náà bó ṣe yẹ, ìyẹn òṣùwọ̀n sìmẹ́ńtì kan, yanrìn méjì, òkúta mẹ́rin, kúbíìkì kan á jẹ àpò sìmẹ́ńtì mẹ́fà àtààbọ̀. Nǹkan bí àpò 1,020 nìyẹn. Ẹ fi nọ́ńbà yìí sọ́kàn, torí a máa padà sórí ẹ̀.

Ó wá kan ọwọ́ èèyàn. Ilẹ̀ tí wọ́n máa gbẹ́, pẹ̀lú ààyè tí káfíńtà máa dúró sí láti kan pákó, á tó 450 kúbíìkì. Lébìrà tó mọ iṣẹ́, tí díígà rẹ̀ mú, máa ń gbẹ́ méjì àtààbọ̀ lójúmọ́ nínú ilẹ̀ tí kò le jù. Tó bá já sí yangí, kò lè ju ọ̀kan àtààbọ̀ lọ, kí ẹ má sì bínú sí i. Ilẹ̀ tí kò le, ọjọ́ iṣẹ́ 180 ni gbígbẹ́ nìkan. Pípo kankéré àti dídà á ńkọ́? Èèyàn 15 pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré tó ń po kankéré lè da kúbíìkì 10 lóòjọ́, ọjọ́ 16 ni wọ́n máa fi parí ẹ̀. Ọjọ́ iṣẹ́ 240 nìyẹn. Káfíńtà àti àwọn tó ń tẹ irin máa kó nǹkan bí 100 lé e, kíkó iyẹ̀pẹ̀ dànù àti dídí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà á gba 60. Àpapọ̀ rẹ̀, 580.

Kí ni 580 já sí? Èèyàn 23 fún ọjọ́ 25, ìyẹn oṣù kan. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá sọ pé gọ́tà 500 mítà pèsè iṣẹ́ fún 500 èèyàn, ẹ ní kó fi ìwé owó iṣẹ́ hàn yín. Ẹni tó bá sì sọ pé kò pèsè nǹkan kan, kó lọ bi ìyàwó àwọn èèyàn 23 yẹn.

Bí agbaṣẹ́ṣe bá wá gbé katapílà wá ńkọ́? Ọjọ́ 4 péré ló máa fi gbẹ́ gbogbo ẹ̀, èèyàn méjì ló sì máa wà lórí ẹ̀: awakọ̀ àti ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ọjọ́ iṣẹ́ 180 ti di 8. Tó bá tún lo ẹ̀rọ ńlá láti po kankéré, 240 á di 120. Gọ́tà kan náà, owó kan náà, ọjọ́ iṣẹ́ ti wálẹ̀ láti 580 sí 288. N kò sọ pé katapílà burú. Mi ò ní ní kí wọ́n fi díígà ṣe ọ̀nà tó lọ láti Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, kìlómítà 52 gbáko. Ilẹ̀ títẹ̀ lọ́nà ọlọ́dà ńlá ń fẹ́ rólà tó wúwo, ọwọ́ kò lè ṣe é. Ohun tí mò ń sọ ni pé bó bá jẹ́ torí iṣẹ́ ni ìjọba ṣe yọ owó, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé ọwọ́ ni wọ́n máa fi gbẹ́ ẹ. Tí wọn kò bá kọ ọ́, agbaṣẹ́ṣe kankan kò ní ṣe é, torí owó epo katapílà ọjọ́ 4 rọrùn fún un ju kó máa bá èèyàn 23 fa wàhálà ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé lọ.

Íńdíà kọ ọ́. Òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 2005 fún iṣẹ́ ìgbèríko fún ìdílé kọ̀ọ̀kan tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ ọwọ́ ní ẹ̀tọ́ sí ọjọ́ 100 lọ́dún. Ó sì là á sílẹ̀ pé, ó kéré tán, 60 nínú 100 owó tí wọ́n bá ná gbọ́dọ̀ jẹ́ owó òṣìṣẹ́, kí ohun èlò má ju 40 lọ. Wọ́n ní kí agbaṣẹ́ṣe má wọ̀ ọ́. Lábẹ́ òfin yẹn, ìdílé kọ̀ọ̀kan ní káàdì tí wọ́n ń kọ ọjọ́ iṣẹ́ sí, àwọn ará abúlé sì láṣẹ láti pe ìpàdé kí wọ́n ka ìwé ìnáwó sétí gbogbo èèyàn. Jìbìtì wáyé níbẹ̀ náà, owó òṣìṣẹ́ sì pẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n kà: ọjọ́ ni.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ibi tí owó ń lọ lẹ́yìn tí wọ́n bá san án. Lébìrà gba owó, ó jẹ àmàlà, ó fún ìyàwó lówó ọbẹ̀, ó san nǹkan lórí owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ. Olóúnjẹ ra èlùbọ́ lọ́wọ́ ẹni tó kó o wá láti ìhà Oríire. Ẹlẹ́lùbọ́ sanwó fún àwọn tó bá a bó iṣu. Bí 60 náírà nínú 100 bá ń dúró ní agbègbè wa ní gbogbo ìgbà tí owó bá pààrọ̀ ọwọ́, 100 á bí 60, 60 á bí 36, 36 á bí 21 àti díẹ̀, títí á fi tán. Àpapọ̀ ọjà tí 100 yẹn tà á tó 250 náírà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ 20 ló ń dúró, 100 á bí 20, 20 á bí 4, ó parí, 125 péré. Púpọ̀ nínú àríyànjiyàn àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé lórí owó tí ìjọba ń tú síta, nọ́ńbà kékeré yìí ni wọ́n ń jà lé lórí.

Ní tiwa, sìmẹ́ńtì ń ti ìpínlẹ̀ Ògùn tàbí Kogí wá, irin ń ti ibòmíràn wá, owó dísẹ́ẹ̀lì kò sì dúró ní Ògbómọ̀ṣọ́ rárá. Yanrìn, òkúta, pákó, omi àti ọwọ́ èèyàn ló jẹ́ tiwa. Nítorí náà, iṣẹ́ tí owó ohun èlò rẹ̀ pọ̀ ń sá jáde nílùú kí òùngbẹ tó gbẹ wa. Ẹni tó bá fẹ́ kí owó pẹ́ nílùú, kó ṣe ohun tí òkúta, yanrìn àti ọwọ́ máa pọ̀ nínú ẹ̀: ògiri òkúta tó ń dá ọ̀gbàrá dúró, ọ̀nà oko tí wọ́n tún ṣe, gbígbá àti kíkó gọ́tà tó ti wà.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí àpò 1,020, torí ibẹ̀ ni owó ti ń jò jù. Ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìjọba kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ẹni tó ń ṣe é. Ó tà á fún ẹlòmíràn, ẹlòmíràn tún tà á. Ká ní ọwọ́ mẹ́ta ló gbà kọjá, tí kálukú yọ 15 nínú 100 tó kàn án. 100 á di 85, 85 á di 72, 72 á di 61. Ẹni tó bá gbá díígà mọ́lẹ̀, 61 náírà ló ní láti fi ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ṣírò ní 100, ó sì gbọ́dọ̀ rí èrè tirẹ̀ níbẹ̀. Kò lè dín òkúta kù, torí gbogbo èèyàn ń rí i. Kò lè dín gígùn gọ́tà kù. Sìmẹ́ńtì ló máa dín. Kàkà kó po ọ̀kan sí méjì sí mẹ́rin, á po ọ̀kan sí mẹ́ta sí mẹ́fà. Kúbíìkì kan á wá jẹ àpò mẹ́rin àtààbọ̀. Àpò 1,020 á di nǹkan bí 710. Àpò 300 ó lé ti wọ àpò ẹlòmíràn, ojú kò sì lè rí i lọ́jọ́ tí wọ́n bá gé tẹ́ẹ̀pù.

Ó ṣeé mọ̀ lẹ́yìn náà ṣá. Lẹ́yìn ọjọ́ 28, ẹ fi ìṣó ha ojú ògiri gọ́tà náà. Bó bá dára, ìṣó á kàn fi ìlà funfun sílẹ̀ ni. Bó bá jẹ́ pé iyanrìn ló ń bọ́ sílẹ̀, tí ìṣó sì ń wọlé, ẹ ti mọ ibi tí àpò 300 lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹ má tètè dá a lẹ́bi, torí ohun méjì míràn ń fa irú rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni omi àpọ̀jù: lébìrà fẹ́ràn kankéré tó ń ṣàn torí ó rọrùn láti dà, omi tó bá sì pọ̀ jù á gbẹ, á fi ihò sílẹ̀. Ìkejì ni pé wọn kò bu omi rin ín. Kankéré ń fẹ́ omi fún ọjọ́ 7, ó kéré tán, pàápàá lákòókò ọyẹ́ tí atẹ́gùn ń gbẹ gbogbo nǹkan. Omi rírin yìí, iṣẹ́ ẹnì kan ni, owó rẹ̀ kò tó nǹkan, òun ni mo sì máa ń rí tí wọ́n ń gbàgbé jù.

Ohun tí mo ti rí tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ ju olè lọ ni àkókò. Ètò ìṣúná ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní. Kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, kí wọ́n tó polówó iṣẹ́, kí wọ́n tó yan agbaṣẹ́ṣe, kí owó ìbẹ̀rẹ̀ tó jáde, òjò ti dé. Wọ́n á gbẹ́ kòtò ní oṣù kẹfà tàbí ìkeje. Òjò á rọ̀ lóru, ẹ̀gbẹ́ kòtò á ya lulẹ̀, wọ́n á tún un gbẹ́. Ọjọ́ iṣẹ́ 180 á di 250, ìwé náà kò sì ní owó fún 70 tó lé. Bẹ́ẹ̀ ìgbà yẹn gan-an ni àgbẹ̀ ń wá alágbàṣe tó máa bá a ro oko. Bí gọ́tà bá san ju oko lọ, ọ̀dọ́ á fi ebè sílẹ̀ wá sí ìgboro. Ẹ kò tíì dá iṣẹ́ kankan sílẹ̀ nípa bẹ́ẹ̀. Ẹ kàn gba òṣìṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ àgbẹ̀ ni, ẹ sì fi kún iye tí iṣu máa jẹ́ lọ́jà. Owó ìjọba a máa bí iṣẹ́ níbi tí ọwọ́ bá wà lófo. Lọ́dọ̀ wa, láti oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kẹta ni ọwọ́ ń ṣófo jù, ilẹ̀ sì gbẹ, kòtò kì í ya. Iṣẹ́ tí wọ́n bá ti parí ìwé rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ló lè bá àkókò yẹn. Àwọn tó ń sọ pé kí ìjọba yára ná owó, òótọ́ ni wọ́n ń sọ, àmọ́ ìwé tó ti wà nílẹ̀ kí owó tó dé ló ń jẹ́ kó yá.

Ẹ rántí ètò iṣẹ́ ìlú ti ìjọba àpapọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 2021. Èèyàn 774,000 jákèjádò orílẹ̀-èdè, 1,000 nínú ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, 20,000 náírà lóṣù fún oṣù 3. Ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún ni agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́ ní: Àríwá, Gúúsù, Oríire, Ògo-Olúwa àti Súrùlérè. Èèyàn 5,000 nìyẹn lórí ìwé, 300 mílíọ̀nù náírà ní oṣù 3. Ohun tó dára níbẹ̀ ni pé àkókò ẹ̀ẹ̀rùn ni, ọwọ́ lébìrà ni wọ́n sì ní kí owó lọ tààrà. Àléébù irú ètò bẹ́ẹ̀ ni ohun èlò. Tí ẹ bá ní kí ẹnì kan kó gọ́tà, ó nílò ṣọ́bìrì, bàtà ròbà, ìbọ̀wọ́, àti tipa tó máa kó pàǹtí lọ. Bí owó tipa kò bá sí nínú ìwé, wọ́n á kó ẹrẹ̀ náà sí etí gọ́tà. Òjò àkọ́kọ́ á dá gbogbo rẹ̀ padà sínú ẹ̀. Owó tó yẹ kó lọ sórí tipa kì í ju ìdá kékeré nínú owó òṣìṣẹ́ lọ, òun ló sì ń sọ iṣẹ́ oṣù 3 dòfo. Níbí ni n kò ti gbà pẹ̀lú àwọn tó ní kí gbogbo owó jẹ́ ti òṣìṣẹ́. 60 sí 40 ti Íńdíà yẹn mọ́gbọ́n dání.

Àwọn tó ní òfò ni, wọ́n ní ẹjọ́ kan tó lágbára tí n kò lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn: níbo ni owó náà ti wá? Bó bá jẹ́ owó orí ni, wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ ẹnì kan tó lè fi gba ọmọ iṣẹ́. Bó bá jẹ́ ẹ̀yáwó ni, ọdún tó ń bọ̀ ló máa san án. Bó bá sì jẹ́ báńkì àpapọ̀ ló kàn bù ú fún ìjọba, ọjà ni gbogbo wa ti máa san án. Gbèsè irú èyí tí ìjọba àpapọ̀ jẹ báńkì àpapọ̀ ti tó tírílíọ̀nù 22.7 náírà nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di ẹ̀yáwó ọlọ́jọ́ pípẹ́ ní 2023. Ẹni tó gba 20,000 náírà ní 2021 tí iye ìrẹsì sì ń fò sókè, díẹ̀ nínú owó yẹn ló kù sí i lọ́wọ́. Ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ kò lè tẹ owó, torí náà ìbéèrè tiwọn yàtọ̀: kí ni wọn kò ní ṣe nítorí pé wọ́n ṣe gọ́tà yìí?

Kódà ní Amẹ́ríkà, níbi tí ìwé wọn ti pé, wọn kò rí i kà dé ojú ẹ̀. Owó ńlá tí wọ́n tú síta ní 2009 lábẹ́ Obama, 787 bílíọ̀nù dọ́là ni wọ́n ṣírò ẹ̀ sí nígbà náà. Ọ́fíìsì tó ń bá ilé aṣòfin wọn ṣírò ìnáwó sọ pé láàárín oṣù keje sí ìkẹsàn-án ọdún 2010, iye èèyàn tó ríṣẹ́ nítorí rẹ̀ wà láàárín 1.4 mílíọ̀nù sí 3.6 mílíọ̀nù. Ẹ wo bí àlàfo yẹn ṣe fẹ̀ tó. Wọn kò purọ́. Kò sẹ́ni tó lè mọ iye èèyàn tí ìbá wà nílé ká ní wọn kò ná an. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń rọ̀ mọ́ ohun tó ṣeé kà: kúbíìkì, àpò, ọjọ́ iṣẹ́, ìwé tí lébìrà tẹ ìka sí.

Iṣẹ́ tí wọn kò parí ni òfò tó dájú jù. Ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ tí mo dárúkọ lókè ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ju ọdún 10 lọ. Ilẹ̀ ọ̀nà tí wọ́n bá tẹ̀ tí wọn kò da ọ̀dà lé, òjò ọdún kan tó láti gbẹ́ ẹ, wọ́n á tún kó yangí míràn wá, wọ́n á tún tẹ̀ ẹ́. Owó ti jáde, èèyàn ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé tòmátì àti mángòrò kọjá kò rí nǹkan kan jẹ níbẹ̀ ju ìdádúró àti jàǹbá lọ.

Nítorí náà, bí wọ́n bá pè yín sí ìpàdé àdúgbò pé gọ́tà ń bọ̀, ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iye owó. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ibi tí omi máa já sí. Gọ́tà tí kò dé odò, ẹ̀yìnkùlé ẹnì kan ló ń gbé omi lọ. Ẹ béèrè bóyá ọwọ́ ni wọ́n máa fi gbẹ́ ẹ, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ béèrè iye àpò sìmẹ́ńtì, kí ẹ fa àpò tó ti ṣófo kalẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan kí ẹ kà á. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lè ṣe é. Ẹ ní kí wọ́n máa san owó òṣìṣẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, torí ẹni tí wọ́n bá jẹ ní gbèsè ọ̀sẹ̀ 3 kò ní padà wá, ẹni tó bá sì rọ́pò rẹ̀ kò tíì mọ iṣẹ́.

Kí ẹ sì wo ìlà tó kẹ́yìn nínú ìwé náà, èyí tó jẹ́ ti ìtọ́jú. Gọ́tà 500 mítà yìí, èèyàn méjì lè kó o mọ́ ní ọjọ́ 5, bí kálukú bá ń kó 50 mítà lójúmọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún ló ń fẹ́: ní oṣù kẹta kí òjò tó dé, ní oṣù kẹfà, nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, àti ní ìparí oṣù kẹwàá. Ọjọ́ iṣẹ́ 40 lọ́dún, ọdún lé ọdún, fún àwọn ará àdúgbò kan náà. Bí owó bá ti fẹ́ má tó, ìlà yẹn ni wọ́n ń kọ́kọ́ fagi lé.